Ọkọ̀ oníná tí wọ́n fi kọ̀ǹpútà dè: ṣé kí n sanwó ìtúsílẹ̀?

Ẹ̀yin ará, mo kí yín láti Ṣàgámù. Mo fẹ́ ra ọkọ̀ tòkunbọ̀ kan tó ń lo iná mànàmáná, èyí tí màá máa gbé lọ sí Ìjẹ̀bú-Òde àti Ìkòròdú. Ẹni tó ń tà á sọ pé bátìrì rẹ̀ tóbi ju ìwọ̀n tó ń ṣiṣẹ́ lọ, nítorí pé iléeṣẹ́ tó ṣe é fi ètò kọ̀ǹpútà dè é, wọn kò sì ní tú u àfi bí a bá tún san owó mìíràn.

Mo mọ̀ pé irú rẹ̀ ti wáyé rí. Ní ọdún 2016, Tesla, iléeṣẹ́ ọkọ̀ oníná ti Amẹ́ríkà, ta ọkọ̀ Model S 60 tí bátìrì inú rẹ̀ jẹ́ 75 kWh (ìyẹn ìwọ̀n iná tí bátìrì lè gbà), tí wọ́n fi ètò kọ̀ǹpútà dín kù sí 60. Nígbà tí ìjì Irma sì ń bọ̀ ní Florida ní 2017, wọ́n tú u láti òkèèrè fún ìgbà díẹ̀ kí àwọn ènìyàn lè sá àsálà. (Ẹ̀yin náà ẹ wò ó: èmi ni màá máa ru ìwúwo bátìrì tí n kò lè lò kiri.)

Ṣé ọkọ̀ ni ìtúsílẹ̀ náà ń bá lọ, tàbí ẹni tó san owó rẹ̀? Ẹ̀gbọ́n mi tó jẹ́ mẹkáníìkì mọ ẹnìkan tó lè tú u lọ́nà ẹ̀bùrú, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ń bà mí pé iléeṣẹ́ náà lè tún un dè láti òkèèrè. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń tà á kí n tó sanwó?