Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi ka òǹtẹ̀ ara fàdákà ẹ̀wọ̀n aago yìí

Mo ní ohun ọ̀ṣọ́ fàdákà kan tí ó rí bí asà, irú èyí tí àwọn ará Ìlú Ọba máa ń so mọ́ ẹ̀wọ̀n aago àpò. Òǹtẹ̀ mẹ́rin wà lẹ́yìn rẹ̀: ìdákọ̀ró, tí í ṣe àmì ilé àyẹ̀wò fàdákà Birmingham láti ọdún 1773; kìnnìún tí ń rìn, tí ó jẹ́rìí pé 925 nínú 1000 jẹ́ fàdákà gidi; lẹ́tà ọdún, tí ó ń sọ ọdún tí wọ́n yẹ fàdákà náà wò; àti orúkọ ìkékúrú alágbẹ̀dẹ, tí ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa rẹ́. Lẹ́tà «k» kékeré ni mo rí, ṣùgbọ́n lẹ́tà kan náà a máa padà wá bí àyípo, ìyẹn títò àwọn lẹ́tà náà lọ́dọọdún, bá ti parí, ìrísí rẹ̀ ni a sì fi ń mọ ìyàtọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ ọ́n, báwo ni mo ṣe lè dá àyípo rẹ̀ mọ̀, kí n sì ka orúkọ náà láìfi nǹkan ha fàdákà?