Ta ló gun ẹṣin nínú "ìgẹṣinwòsàn"?

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ẹ̀gbọ́n wa ní Ṣágámù kọ̀wé lánàá pé "ìgẹṣinwòsàn" ni ká máa pe ìtọ́jú tí wọ́n ń fi ẹṣin ṣe fún ẹni tí ìbànújẹ́ tàbí ìpayà bò mọ́lẹ̀, wọ́n tiẹ̀ ní ọ̀rọ̀ ti parí. Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, kò tíì parí.

Ta ló gun ẹṣin níbẹ̀? Ẹgbẹ́ EAGALA tó ń ṣètò irú ìtọ́jú yìí, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1999, ẹnikẹ́ni kì í gun ẹṣin nínú ìlànà tiwọn. Ilẹ̀ lẹ máa dúró sí, ẹ̀yin, onímọ̀ ìlera ọpọlọ kan, ẹni kan tó mọ ìwà ẹṣin, àti ẹṣin fúnra ẹ̀. Wọ́n lè ní kẹ́ ẹ lọ fi okùn sí i lórí, ó tán. Bẹ́ ẹ bá gbé ìbínú wọlé, tẹ́ ẹ ń díbọ́n pé kò sí nǹkan, ó lè ká etí sẹ́yìn kó kọ ìdí sí yín, torí ẹran tí ẹranko mìíràn ń pa jẹ ni, ojú ẹ̀ kì í kúrò lára ẹni tó bá sún mọ́ ọn. Ẹ mí kanlẹ̀, kí èjìká yín rọ̀, á wá tẹ orí wálẹ̀, á máa jẹnu. Onímọ̀ yẹn á ní kí lẹ rí, ibẹ̀ lọ̀rọ̀ bàbá tó kú á ti bẹ̀rẹ̀ sí í jáde. Níbo ni "gùn" wà ńbẹ̀?

Èyí tí wọ́n ń gùn wà lóòótọ́, hippotherapy, ìtọ́jú ara nìyẹn, kì í ṣe ti ọkàn. Ẹ má dà wọ́n pọ̀.

Ẹ tún wo "gùn" yẹn dáadáa. Ẹni tí òrìṣà bá gùn, ẹlẹ́gùn ni, àwọn àgbà tiẹ̀ ń pè é ní ẹṣin òrìṣà. Ẹ wá kó gùn àti ẹṣin lọ bá ẹni tí ọkàn ẹ̀ ò balẹ̀ ní Ìjẹ̀bú níbí, ilé babaláwo ni wọ́n máa gbé e lọ! Yàtọ̀ síyẹn, fáàrí ni gígẹṣin lọ́dọ̀ wa. Ẹ wo àwọn ìdílé Balógun ní Ojúde Ọba lọ́jọ́ kẹta Iléyá, ẹni tó gẹṣin tí ò ju ìpàkọ́, ẹṣin á bá a jù ú. Ẹni tó wá gbàtọ́jú ò wá ju ìpàkọ́.

"Ìfẹṣintuni" lèmi fara mọ́. "Tù" tó wà nínú "ìtùnú" ni, ohùn ẹ̀ ti di àárín níwájú "ni" bíi ti "bani lẹ́rù", kẹ́nikẹ́ni má fàmì ìsàlẹ̀ sí i fún mi. Ẹni tó sọ pé "ọkàn" gbọ́dọ̀ wà nínú ọ̀rọ̀ náà, ìyá àgbà mi ò sọ ọ́ rí pé ọkàn òun bàjẹ́, inú ló ń bàjẹ́, inú ló ń dùn, inú náà la dẹ̀ ń tù.

Ẹni tó sì ń kọ "ẹsin" láìfi àmì sábẹ́ s, tó ní bí wọ́n ṣe ń pè é ní Rẹ́mọ nìyẹn, Ìpẹru ni wọ́n bí ìyá mi, mi ò gbọ́ ọ lẹ́nu wọn rí. Ìlú wo lẹ ti gbọ́ ọ?