Ẹ̀bùn ọdún tuntun àwọn ará Ṣáínà: kí ni kò gbọdọ̀ wọ inú apẹ̀rẹ̀?

Alápẹ̀rẹ̀ Dùgbẹ̀:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Apẹ̀rẹ̀ ẹ̀bùn 24 ni ilé iṣẹ́ kan n'Ìbàdàn níbí ní ká dì fún àwọn ẹnjiníà wọn tó jẹ́ ará Ṣáínà. Ápù mẹ́rin, píà òyìnbó méjì, tíì, aago ògiri kékeré, àti àpòòwé tí ₦4,000 wà nínú rẹ̀ ni wọ́n fẹ́ nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bébà funfun la fẹ́ fi wé e. Ṣé kò sí èèwọ̀ níbẹ̀? Ìgbà wo ló sì yẹ kó dé ọwọ́ wọn?

Ọmọ Òkè-Àdó:
Ẹ tètè yọ aago yẹn kúrò. Lédè wọn, "fúnni ní aago" (sòng zhōng) àti "dúró ti òbí títí ẹ̀mí fi bọ́" kò yàtọ̀ létí rárá. Ẹ fojú àrokò ayé àtijọ́ wò ó: bí wọ́n bá fi ẹyọ owó mẹ́fà ránṣẹ́ síni, ẹni tó gbà á mọ̀ pé ọkàn ẹni tó fi ránṣẹ́ fà sóun, nítorí *ẹfà*. Báyìí gan-an ni tiwọn náà rí.

Mẹ́rin ni sì, ikú ni sǐ. Ohùn nìkan ló pín wọn níyà, bí igba àti igbá. Nítorí náà ₦4,000 kò ṣeé fi sí i. Mẹ́jọ (bā) ló dára jù, ó sún mọ́ fā tó jẹ mọ́ ọrọ̀. Ẹ fi ₦1,000 mẹ́jọ sí i, owó tuntun tí kò tíì ká. Bó bá jẹ́ ₦800 lẹ fẹ́, ₦100 mẹ́jọ ni, ẹ má fi ₦200 mẹ́rin ṣe é.

Píà náà kò dáa: lí ni, lí náà sì ni ìpínyà. (Kì í ṣe píà tí à ń fi jẹ búrẹ́dì o, èyí tó jọ ápù ni.) Ẹ fi ọsàn méjì rọ́pò rẹ̀. Ápù dára, "píng" inú orúkọ rẹ̀ dún bí àlàáfíà, àmọ́ ẹ sọ ọ́ di mẹ́fà. Funfun jẹ́ àwọ̀ ọ̀fọ̀, pupa àti àwọ̀ wúrà ni kẹ́ ẹ lò. Bẹ́ ẹ bá sì rí àmì "fú" tí wọ́n lẹ̀ ní ìdoríkodò, ẹ má yí i padà. Ìdoríkodò (dào) àti "ó ti dé" (dào) dún bákan náà, ìyẹn ni pé ire ti dé.

Ìyá Ìbejì Bódìjà:
Ó kù kan. Àpòòwé pupa máa ń ti ọwọ́ àgbà lọ sọ́wọ́ ọmọdé, tàbí ti ọwọ́ ọ̀gá lọ sọ́wọ́ òṣìṣẹ́. Níwọ̀n ìgbà tó jẹ́ pé ilé iṣẹ́ ló ń fún òṣìṣẹ́ rẹ̀, ó bá a mu. Bó bá jẹ́ oníbàárà ló ń fi owó lé ẹnjiníà lọ́wọ́, ó lè dà bí rìbá. Kẹ́ni tó máa pín in fi ọwọ́ méjèèjì nà án sí wọn, kó má sì retí pé kí wọ́n ṣí i lójú òun. Ọ̀bẹ àti àlùmọ́gàjí kò gbọdọ̀ sí níbẹ̀, nǹkan tó ń gé okùn ìfẹ́ ni wọ́n kà á sí.

Òṣùpá ni wọ́n fi ń ka ọdún yìí, àárín 21 oṣù Kìíní sí 20 oṣù Kejì ló máa ń bọ́ sí. Ní 2026, 17 oṣù Kejì ni (ọdún ẹṣin). Ní 2027, 6 oṣù Kejì (ọdún ewúrẹ́). Ẹ jẹ́ kó dé wọn lọ́wọ́ ní ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta ṣáájú, torí alẹ́ àìsùn ọdún ni ẹbí ń jẹun pọ̀. Bẹ́ ẹ bá pẹ́, ó ṣì lójú títí di ọjọ́ karùndínlógún, ọjọ́ àtùpà.

Akọ́mọlédè:
Ẹ kọ́kọ́ béèrè bóyá ará Ṣáínà ni gbogbo wọn lóòótọ́. Láti 1873 ni Japan ti ń ṣọdún ní 1 oṣù Kìíní. Wọ́n kórìíra mẹ́rin, wọ́n tún kórìíra mẹ́sàn-án (ku), torí ó dún bí ìyà. Àwọn ará Vietnam ń bá Ṣáínà ṣe é, ṣùgbọ́n ọdún ológbò ni 2023 jẹ́ fún wọn, kì í ṣe ti ehoro. Tí àwòrán ẹranko bá wà lára apẹ̀rẹ̀ yín, ibẹ̀ ni àṣìṣe ti máa ń wọlé.

Alápẹ̀rẹ̀ Dùgbẹ̀:
Ẹ ṣeun gan-an. Àpapọ̀ 24 yẹn ńkọ́? Mẹ́rin wà nínú rẹ̀.

Ọmọ Òkè-Àdó:
Kò kan ẹnikẹ́ni, apẹ̀rẹ̀ kan ṣoṣo ni ẹnì kọ̀ọ̀kan máa rí. Ẹ má ṣáà kọ nọ́ńbà 4 tàbí 14 sára èyíkéyìí, orúkọ ni kẹ́ ẹ kọ, kó má sì jẹ́ yíǹkì pupa.