Ìgbín dìgbòlugi ni o, ẹ yéé pè é ní "dìgbòlugbìn"

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Mi ò fẹ́ dá sí ọ̀rọ̀ yìí tẹ́lẹ̀, àmọ́ nígbà tí bọ̀dá wa tó ń kọ̀wé láti Ọ̀fà ní ọ̀rọ̀ tí àwọn ṣẹ̀dá ti fìdí múlẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án mọ́, inú bí mi gan-an.

Fún ẹni tí kò bá wọn bẹ̀rẹ̀: kátúùnù Amẹ́ríkà kan ni wọ́n ń kọ Yorùbá sí lábẹ́ fáwọn ọmọdé. Ìgbín ni ẹran ọ̀sìn inú ẹ̀, ó ń ké bí ológbò, ó wá ṣàdédé bẹ̀rẹ̀ sí í gé èèyàn jẹ, ni jìnnìjìnnì bá bo gbogbo ìlú pé àìsàn wèrè ló mú un, pé ẹni tó bá gé jẹ náà á máa ṣe bíi tiẹ̀. Bọ̀dá wa wá sọ àìsàn náà ní "dìgbòlugbìn". Wọ́n ní bí ajá bá ní dìgbòlugi, ìgbín náà gbọ́dọ̀ ní tiẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ibo ni ajá wà nínú dìgbòlugi? Ó dìgbò lu igi. Igi ni àbọ̀ níbẹ̀, òun ni wọ́n ń kọlù. Ẹran tí orí ẹ̀ ti dàrú ló ń sáré láìmọ̀nà, tó ń forí sọ igi, tó ń forí sọ ògiri. Tí ẹ bá wá yọ igi kúrò, tí ẹ ki ìgbín bọ̀ ọ́, ohun tí ẹ ń sọ ni pé nǹkan kan ń lọ kọlu ìgbín, ìgbín wá di ẹni tí wọ́n ṣe léṣe, kì í ṣe òun ló ń ṣe wèrè mọ́. Ewúrẹ́ ò lápá, ẹsẹ̀ mẹ́rin ló ní. Bó bá rọ, ṣé "rọsẹ̀rọsẹ̀" la máa pè é ni? Rọpárọsẹ̀ náà ni.

Ti ohùn ẹ̀ tiẹ̀ tún burú jù. Ìgbín tó ń fà nílẹ̀, ohùn òkè ló fi parí. Ìgbìn tí ohùn ẹ̀ wálẹ̀, ìlù Ọbàtálá nìyẹn. Mo sọ ọ́, wọ́n ní fóònù ló ń da àmì rú. Gbogbo ibi tí wọ́n ti kọ ọ́ ló rí bákan náà, fóònù wo ló ń ṣàṣìṣe lọ́nà kan ṣoṣo bẹ́ẹ̀?

Àǹtí wa tó jẹ́ dókítà ẹranko ní dìgbòlugi ò lè mú ìgbín, ẹran tó ń fọ́mọ lọ́mú nìkan ló ń mú. Òótọ́ ni. Wọ́n ní ká kúkú pè é ní "wèrè ìgbín", torí àrùn wèrè màlúù, èyí tí wọ́n dá mọ̀ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1986, ni kátúùnù yẹn ń fi ṣẹ̀fẹ̀. Mo gbà. Ṣùgbọ́n màlúù tó ní in kì í wá èèyàn gé jẹ kiri, ńṣe ló ń gbọ̀n, tí ẹsẹ̀ ẹ̀ ò ranlẹ̀, tó ń ṣubú. Yàtọ̀ síyẹn, ẹ lọ pariwo "wèrè ìgbín" l'Ọ́jà Ọba n'Ílọrin, kí ẹ wò ó bóyá wọn ò ní gbọ́ ọ bí èébú. Ẹni tó sì sọ pé ìgbín ò lè sínwín rárá, ẹ lọ ka nípa aràn kan tí wọ́n ń pè ní Leucochloridium, ó máa ń wọnú ìwo ojú ìgbín, ìwo á wú, á máa mì bí ìdin, ìgbín tó máa ń sá pamọ́ á wá jáde sí gbangba kí ẹyẹ lè rí i jẹ.

Bàbá àgbà wa ní Àjàṣẹ́-Ìpo, ọdẹ ni wọ́n. Tí wọ́n bá rí ajá tó kì ìrù bọ abẹ́ itan, tí itọ́ ń ṣe wọ̀ọ̀ lẹ́nu ẹ̀, tó ń lọ tààrà láìwo ẹni tó ń pè é, wọn kì í sọ pé ó "ní" dìgbòlugi, wọ́n á ní ó ti "di" dìgbòlugi. Ẹran yẹn fúnra ẹ̀ lọ̀rọ̀ náà ń tọ́ka sí. Ajá dìgbòlugi. Ìgbín dìgbòlugi. Ẹni tó gé jẹ náà, dìgbòlugi. Bí ìgbín bá fà, ìkarahun a tẹ̀ lé e, kò sí àfòmọ́ tuntun tí ẹnikẹ́ni ní láti wá.

Ibẹ̀ gan-an sì ni ẹ̀rín wà. Ẹ̀rọ̀ nìgbín láàárín wa. Omi ara ẹ̀ làwọn àgbà fi ń tu ọ̀ràn tó gbóná lójú, òun ni wọ́n ń gbé fún Òrìṣàálá. Kí irú ẹran bẹ́ẹ̀ wá di dìgbòlugi! Ọmọ Yorùbá á ti rẹ́rìn-ín kí àwòrán tó dé, ohun tí ọmọ Amẹ́ríkà ò ní rí níbẹ̀ rárá. "Dìgbòlugbìn" pa gbogbo ẹ̀ run, ọmọ ò ní gbọ́ ìgbín níbẹ̀, kò ní gbọ́ dìgbòlugi.

Bọ̀dá wa ní Yorùbá àwa ará Ìlọrin ti lú mọ́ ti Fúlàní àti Haúsá, pé kí la mọ̀. Mo mọ̀ pé ìjàkadì lorò Ọ̀fà, ẹ bọ́ sójú agbo kí ẹ fi gírámà gbé mi ṣánlẹ̀, ẹ fi ìlú mi sílẹ̀.

Ẹni tí fáìlì náà wà lọ́wọ́ ẹ̀, ẹ dákun, ẹ bá wa yí i padà kí wọ́n tó gbé e jáde. Ẹni tó sì ní ká má pè é ní kátúùnù, pé àwòrán-ẹ̀fẹ̀ ni, mò ń bọ̀ wá dá yín lóhùn.