Kòkòrò tó jáde láti inú èèpo eṣinṣin

Alágbàsìn Adìẹ, Ọ̀dà, Àkúrẹ́:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin onímọ̀. Mo ṣa àwọn èèpo pupa rúsúrúsú tí ìdin máa ń sé ara rẹ̀ mọ́ kí ó tó di eṣinṣin nídìí òkìtì ìgbẹ́ adìẹ mi, mo kó wọn sínú ìgò, mo sì fi aṣọ bo ẹnu rẹ̀. Eṣinṣin ló jáde nínú púpọ̀ wọn, ṣùgbọ́n láàárọ̀ yìí, kòkòrò dúdú kan tí kò tó hóró ìrẹsì já èèpo kan lu, ó sì jáde. Ìyẹ́ rẹ̀ kúrú bíi bùbá tí kò dé ìbàdí, gbogbo ikùn rẹ̀ sì wà níta. Ta ló bí i?

Olùkọ́ Báyọ́lọ́jì:
Ó jọ Aleochara, ẹ̀yà kan nínú ìdílé Staphylinidae, ìyẹn àwọn kòkòrò tí ìyẹ́ wọn kúrú. Gravenhorst, onímọ̀ kòkòrò, ló fún Aleochara lórúkọ ní ọdún 1802, irú rẹ̀ tí a mọ̀ sì ju 300 lọ. Ìyá rẹ̀ kì í wọ inú èèpo rárá. Ìtòsí ibi tí ìdin pọ̀ sí ló ń yé sí. Ọmọ tó bá pa ní ẹsẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ló sì máa ń rìn kiri títí yóò fi rí èèpo, tí yóò dá a lu, tí yóò wọlé, tí yóò sì máa jẹ ọmọ eṣinṣin tó wà níbẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Bí ó bá ti bọ́ awọ, ẹsẹ̀ rẹ̀ a súnkì, nítorí kò ní ibi tí ó ń lọ mọ́. Ẹ má pè é ní àfòmọ́ o: àfòmọ́ orí kòkó wa ń fẹ́ kí igi wà láàyè, ṣùgbọ́n ẹni tí èyí bá wọ ilé rẹ̀ kò ní yè é.

Ìyá Ìbejì, Oǹdó:
Ẹ dákun, ṣé kì í ṣe èyí tó máa ń jó ènìyàn lára lálẹ́? Ọmọ mi pa ọ̀kan mọ́ ọrùn, awọ ibẹ̀ sì bó bí ẹni tí omi gbígbóná dà sí.

Olùkọ́ Báyọ́lọ́jì:
Rárá, mà. Paederus nìyẹn, ìdílé kan náà ni wọ́n, ṣùgbọ́n tirẹ̀ ní àwọ̀ ọsàn pọ̀ mọ́ dúdú. Kì í géni jẹ. Májèlé inú ara rẹ̀ ló ń bó awọ bí a bá tẹ̀ ẹ́ pa. Ẹ fẹ́ ẹ dànù ni.

Alágbàsìn Adìẹ:
Ǹjẹ́ mo lè sìn ín kí eṣinṣin lè dínkù?

Olùkọ́ Báyọ́lọ́jì:
Ní Yúróòpù àti Kánádà, Aleochara bilineata ń pa Delia radicum, eṣinṣin tí ìdin rẹ̀ ń jẹ gbòǹgbò kábéèjì. Àgbà rẹ̀ sì tún ń jẹ ẹyin àti ìdin. Sísìn rẹ̀ kì í ṣe iṣẹ́ kékeré. Èyí tó rọrùn ni kí ẹ má da oògùn apakòkòrò sórí òkìtì náà, nítorí yóò pa òun náà.

Alágbàsìn Adìẹ:
Ẹ ṣeun, sà. Mo ti tú u sílẹ̀ nídìí òkìtì. Èèpo méje ṣì kù nínú ìgò. Mò ń ṣọ́ wọn.