Ta ló ti wọ ẹrẹ̀ gbin ìrẹsì rí? Ẹ wá sọ ìrírí yín

Akẹ́kọ̀ọ́_Oǹdó
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin èèyàn mi. IT, ìyẹn ìkọ́ṣẹ́ akẹ́kọ̀ọ́, ni mo lọ ṣe ní Bangkok lọ́dún tó kọjá, oṣù mẹ́rin gbáko, níbi tí wọ́n ti ń yẹ omi wò. Obìnrin tó jókòó tì mí níbi iṣẹ́, ọmọ Surin ni, lápá Isan, ní àríwá ìlà oòrùn Táílàǹdì. Lọ́jọ́ kan nínú oṣù Keje, ó ní òun ń lọ sílé lópin ọ̀sẹ̀ láti bá ìyá òun lọ́ ìrẹsì, ṣé màá tẹ̀ lé òun. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni kó tó sọ̀rọ̀ tán.

Bọ́ọ̀sì òru la wọ̀ lọ́jọ́ Ẹtì. Ọmọ àgbẹ̀ ni mí, kòkó àti ẹ̀gẹ́ ni bàbá mi ń gbìn, àmọ́ oko téèyàn ń wọ omi kó tó gbin nǹkan sí i, n kò rí i rí. Ó ti tó oṣù kan tí wọ́n ti fún hóró ìrẹsì sójú kan, ó ti hù, ó ti ga ju ìgbọ̀nwọ́ lọ. A fà á tu, a ń gbá gbòǹgbò rẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ ẹsẹ̀ kí ẹrẹ̀ lè bọ́ kúrò, a dì í ní ìdì-ìdì, ìyá fi ọ̀bẹ gé ṣóńṣó ewé rẹ̀. Ó wá kan inú ẹrẹ̀. Omi òkè lọ́ wọ́ọ́rọ́, ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ tutù, ó sì gbé ẹsẹ̀ mi mì dé orúnkún.

Ìyá yẹn á mú ìrẹsì mẹ́ta tàbí mẹ́rin pọ̀, á fi àtàǹpàkò ti gbòǹgbò rẹ̀ wọlẹ̀, á bọ́ sẹ́yìn díẹ̀, á tún ti òmíràn. Ẹ̀yìn ni wọ́n ń rìn, kí wọ́n má baà tẹ èyí tí wọ́n ti gbìn. Mo gbin tèmi, kí n tó gbójú sókè ó ti léfòó. Mo tún un gbìn, ó tún léfòó. Ìyá kò gbọ́ èdè mi, èmi náà kò gbọ́ tirẹ̀. Ó wá sọ́dọ̀ mi, ó di ọwọ́ mi mú, ó tì í sínú omi títí ìka mi fi kan ihò kan. Ojú ẹsẹ̀ èmi fúnra mi ni! Inú ihò tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ ẹsẹ̀ kúrò ni mo ń gbin ìrẹsì sí. Ó sún ọwọ́ mi sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan níbi tí ilẹ̀ ti le díẹ̀, ó tẹ àtàǹpàkò mi mọ́lẹ̀. Látìgbà náà, kò léfòó mọ́.

Èèyàn mọ́kànlá la jẹ́ lóko, ará àdúgbò ni wọ́n, ẹnikẹ́ni kò gbowó. Long khaek ni wọ́n ń pè é. Lọ́jọ́ Àìkú, oko ẹlòmíràn la lọ. Ọ̀wẹ̀ gan-an ni! Ẹ̀yin ńkọ́? Ta ló ti gbin ìrẹsì rí, níbikíbi?

Ọmọ_Ọ̀fadà
Àbúrò, àáró nìyẹn o, kì í ṣe ọ̀wẹ̀.

Ṣadé_Ìbàdàn
Ihò ẹsẹ̀ yẹn wọ̀ mí lára. Ìyá mi náà ò mọ bí wọ́n ṣe ń fi ẹnu kọ́ èèyàn níṣẹ́, ọwọ́ ló ń di èèyàn mú. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe kọ́ mi ní àdìrẹ.

Bàbá_Kọ́lá
Ọmọ_Ọ̀fadà, kí ló dé tí kò fi jẹ́ ọ̀wẹ̀? Gbogbo àdúgbò péjọ, wọ́n báni ṣiṣẹ́, wọn ò gbowó.

Ọmọ_Ọ̀fadà
Ẹ má bínú sà. Ọ̀wẹ̀, ẹni tó niṣẹ́ ló bẹ èèyàn, ó fún wọn lóúnjẹ àti ẹmu, ó parí síbẹ̀. Bí àna ẹni bá ń kọ́lé, ọ̀wẹ̀ lẹ máa lọ ṣe. Àmọ́ bí mo bá ro oko yín lónìí, tí ẹ̀yin náà wá ro tèmi lọ́la, iye ọjọ́ sì gbọ́dọ̀ dọ́gba, àáró nìyẹn. Ẹ wo ohun tó kọ: "lọ́jọ́ Àìkú, oko ẹlòmíràn la lọ."

Bàbá_Kọ́lá
Ta ló fún wọn lóúnjẹ lóko?

Akẹ́kọ̀ọ́_Oǹdó
Ẹni tó loko ni, sà. Ìrẹsì tó ń lẹ̀ mọ́ra ni, nínú agbọ̀n kékeré tí wọ́n hun, pẹ̀lú ẹja sísun àti ata gígún tó ta ju tiwa lọ. Ọwọ́ la fi jẹ ẹ́, ẹ bù ú, ẹ rún un pọ̀ bí òkèlè.

Bàbá_Kọ́lá
Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ọ̀wẹ̀ ni.

Dúpẹ́_Leeds
Èmi náà gbìn ín, àmọ́ ní Chiang Mai, mo sì sanwó. Wọ́n fún wa láṣọ búlúù àti fìlà tí wọ́n fi ewé hun, a jókòó ti ẹfọ̀n, wọ́n yà wá ní fọ́tò. Wákàtí mẹ́ta péré. Mo gbádùn rẹ̀ gan-an.

Rìsí_A
O sanwó kí o tó ṣiṣẹ́ oko? Háà!

Gbénga_Òkè_Ògùn
Bàbá mi bẹ̀ wá títí, ẹnì kankan ò lọ sóko lára wa. Àwọn kan wá ń fowó ra á ní Táílàǹdì.

Dúpẹ́_Leeds
Ẹ̀gbọ́n Gbénga, ìyá tó loko yẹn sọ fún wa pé owó àlejò ló fi rán ọmọ rẹ̀ níléèwé. Oko rẹ̀ kéré, iye tí wọ́n ń ra ìrẹsì lọ́wọ́ rẹ̀ ò tó gbọ́ bùkátà. Inú mi dùn pé mo san án, màá sì tún san án.

Gbénga_Òkè_Ògùn
Mo gbọ́. Mo gba ọ̀rọ̀ ẹ.

Táíwò_BKK
Ọdún 9 ni mo ti lò níbí. Mo fẹ́ béèrè nǹkan kan lọ́wọ́ ẹni tó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀. Èèyàn mọ́kànlá, lónìí? Níbi tí mo ti ń rìn kiri ní Isan, àwọn tó pọ̀ jù ti fi fífi ọwọ́ gbìn sílẹ̀. Wọ́n ń fún hóró rẹ̀ dà sílẹ̀ bí ẹni ń fún àgbàdo fádìẹ, tàbí kí wọ́n gba ẹ̀rọ. Àwọn ọ̀dọ́ ti wá sí Bangkok. Ẹfọ̀n pàápàá ti wọ́n lóko, ẹ̀rọ onítáyà méjì ni wọ́n fi ń túlẹ̀, "ẹfọ̀n onírin" ni wọ́n ń pè é. N kò pè ọ́ ní onírọ́ o, ó kàn yà mí lẹ́nu ni.

Akẹ́kọ̀ọ́_Oǹdó
Òótọ́ lẹ sọ, ẹ̀gbọ́n. Ẹ̀rọ ni wọ́n fi gbin oko ńlá wọn. Èyí tí a fi ọwọ́ gbìn wà lẹ́yìn ilé. Ọ̀rẹ́ mi ní ìyá òun kì í jẹ́ kí ẹ̀rọ débẹ̀, torí pé ìyẹn ni ìdílé máa jẹ, tí wọ́n á sì mú irúgbìn ọdún tó ń bọ̀ nínú rẹ̀. Nínú àwa mọ́kànlá, bóyá la fi rí ẹni mẹ́ta tí kò tíì pé 50 ọdún.

Táíwò_BKK
Ìyẹn yé mi wàyí. Surin wà lára ibi tí hom mali, ìrẹsì olóòórùn dídùn, ti ń ṣe dáadáa. Pápá ńlá kan wà tó gba Surin, Roi Et àti ìpínlẹ̀ mẹ́ta míì kọjá, Thung Kula Rong Hai, ìyẹn ni pápá tí àwọn Kula ti sunkún. Àwọn oníṣòwò ni wọ́n, wọ́n ní ọ̀dá àti jíjìnnà ibẹ̀ ló pa wọ́n lẹ́kún. Ibẹ̀ wá di ilé ìrẹsì. Ìgbà yòówù kí ẹ gbin hom mali, ó dìgbà tí ojúmọmọ bá kúrú ní nǹkan bí oṣù Kẹwàá kó tó yọ òdòdó.

Bí ìrẹsì bá lóyún, ìyẹn tó bá kù díẹ̀ kó so, àwọn àgbà apá àárín gbùngbùn a máa gbé èso kíkan, òyà àti páúdà lọ fún Mae Phosop, ìyá ìrẹsì, torí pé aláboyún máa ń fẹ́ nǹkan kíkan. Mo fojú ara mi rí i.

Ṣadé_Ìbàdàn
Wọ́n gbé òyà fún ìrẹsì tó lóyún! Ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ràn èyí.

Olùfẹ́_Jésù
Òrìṣà nìyẹn. Ẹ ṣọ́ra.

Ṣadé_Ìbàdàn
Mo gbọ́ mà. Mo ṣì fẹ́ràn bí wọ́n ṣe ń kẹ́ ẹ.

Nọ́ọ̀sì_Àdùkẹ́
Ẹ̀yin tí ẹ bá fẹ́ lọ, ẹ fetí sílẹ̀. Bí ọgbẹ́ bá wà lẹ́sẹ̀ yín, ẹ má wọ omi yẹn láìwọ bàtà òjò. Ìtọ̀ eku máa ń wà níbẹ̀, àrùn leptospirosis ń gbabẹ̀ wọ ara. Bí ibà bá mú yín lẹ́yìn rẹ̀, tí ẹran ẹ̀yìn ẹsẹ̀ yín, nísàlẹ̀ orúnkún, ń dùn yín, ẹ sọ fún dókítà pé ẹ wọ oko ìrẹsì. Ẹ má rò pé ibà ẹ̀fọn ni dandan.

Akẹ́kọ̀ọ́_Oǹdó
Ẹ ṣeun mà. Eṣúṣú nìkan ló bù mí jẹ.

Ìyá_Sáfù_Cotonou
Ẹ̀yin ọmọ mi, ìrẹsì Táílàǹdì ni mo ń tà láti ìgbà tí mo ti délé ọkọ. Etíkun Cotonou níbí ló ń gúnlẹ̀ sí. Nígbà tí Nàìjíríà ti ẹnubodè pa ní oṣù Kẹjọ ọdún 2019, ọjà mi jókòó, àwọn oníbàárà mi láti Èkó ò lè kọjá. N kò ronú kan ẹni tó gbìn ín rí àfi òní. Àmọ́ sọ fún mi, ọmọ mi, ṣé èyí tó pupa fẹ́ẹ́rẹ́, tí kì í lẹ̀, tí ẹ fi ń se jọ̀lọ́ọ̀fù, lẹ rí níbẹ̀?

Akẹ́kọ̀ọ́_Oǹdó
Rárá mà. N kò rí i jẹ lẹ́ẹ̀kan. Èyí tí wọ́n bọ̀ kí wọ́n tó bó yẹn, ilẹ̀ òkèèrè ni wọ́n ń ṣe é fún. Nígbà tí mo sọ fún ọ̀rẹ́ mi pé òun là ń pè ní ìrẹsì Táílàǹdì nílé, ó ní òun ò jẹ ẹ́ rí láyé òun.

Ìyá_Sáfù_Cotonou
Hẹ̀ẹ̀ẹ̀n! Gbogbo ọdún wọ̀nyí!

Ọmọ_Ọ̀fadà
Wọn ò jẹ ẹ́ nílé wọn, àwa wá fi í sáyẹyẹ, a fi Ọ̀fadà sílẹ̀.

Rìsí_A
Ẹ kọ́kọ́ ṣa òkúta inú Ọ̀fadà yín ná.

Ọmọ_Ọ̀fadà
Ilẹ̀ẹ́lẹ̀ tí wọ́n ń sá a sí ló ń kó òkúta sí i. Bí wọ́n bá sá a sórí tapólì, kò ní sí òkúta. Èyí tí ìyá àgbà mi ń ṣe ò ní òkúta kankan.

Táíwò_BKK
Bàbá_Kọ́lá, mo gbàgbé: khaek, "àlejò" ló túmọ̀ sí.

Bàbá_Kọ́lá
Ṣé ẹ rí i? Àlejò tí wọ́n bọ́. Ọ̀wẹ̀!

Ọmọ_Ọ̀fadà
Àlejò tó gbọ́dọ̀ san án padà, sà. Àáró.

Rìsí_A
Akẹ́kọ̀ọ́, ìrẹsì tó ń lẹ̀ yẹn, báwo ni wọ́n ṣe ń sè é? Mo rà á ní ṣọ́ọ̀bù kan, mo da omi sí i, ó di ẹ̀kọ.

Akẹ́kọ̀ọ́_Oǹdó
Má da omi sí i. Rẹ ẹ́ sómi mọ́jú, sẹ́ omi rẹ̀ kúrò, dà á sínú agbọ̀n oparun, gbé agbọ̀n náà sórí ìkòkò omi tó ń hó, kí ooru nìkan máa kàn án. Bó bá tó bí 20 ìṣẹ́jú, yí i pa dà kí tòkè lè lọ sísàlẹ̀. Bí o bá gbé e kalẹ̀, tú u sórí pátákó kí ooru rẹ̀ jáde kí o tó bò ó.

Rìsí_A
Bí a ṣe ń se mọ́ínmọ́ín ni. Mi ò ní agbọ̀n, ajere ni màá lò. Màá padà wá sọ fún yín.