Ọdún kìíní oyè ọ̀mọ̀wé: báwo lẹ ṣe pín àkókò láàrin ìwádìí, iṣẹ́ owó àti ìdílé?

Ìyá Tólú béèrè:

Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi. Oṣù karùn-ún rèé tí mo ti bẹ̀rẹ̀ ìwádìí fún oyè ọ̀mọ̀wé ní àríwá ilẹ̀ England, níbi tí èmi, ọkọ mi àti ọmọ wa obìnrin, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ọmọ ọdún mẹ́ta, jọ ń gbé. Físà akẹ́kọ̀ọ́ fún mi láyè láti ṣiṣẹ́ owó fún wákàtí 20 lọ́sẹ̀, gbogbo rẹ̀ ni mo sì ń lò tán ní ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó, nítorí pé ọkọ mi ṣì ń wá iṣẹ́, owó tí yunifásítì ń san fún mi kò sì ká owó ilé àti owó jẹ́lé-ó-sinmi. Bí mo bá ti iṣẹ́ òru dé, ìwé ni mo máa ń ṣí. Síbẹ̀, ó ń ṣe mí bí ẹni tí kò ṣe nǹkan kan, torí pé kò sí ìdánwò, kò sì sí ẹni tí yóò sọ fún mi pé ohun tí mo kà ti tó. Bí ó bá di oṣù kẹsàn-án, mo ní láti kọ ìjábọ̀ tí wọn yóò fi pinnu bóyá mo lè tẹ̀ síwájú. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọ mi sọ fún ìyá ọkọ mi lórí fóònù pé, "Kọ̀ǹpútà ni màmá mi ń gbé sùn." Gbogbo wa rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n n kò rí oorun sùn lóru ọjọ́ náà.

Akọ̀wé Àgbà fèsì:

Ẹ kú làálàá, ìyá wa. Kí ẹ tó ṣe ohunkóhun, ẹ lọ ka ìwé àdéhùn owó tí yunifásítì ń san fún yín. Ohun tí físà gbà lọ́tọ̀, ohun tí ẹni tó ń sanwó gbà lọ́tọ̀. Bákan náà, ní England, ọmọ tó bá ti pé ọdún mẹ́ta ní ẹ̀tọ́ sí wákàtí 15 lọ́sẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ ní jẹ́lé-ó-sinmi, fún ọ̀sẹ̀ 38 lọ́dún, láti sáà tó tẹ̀lé ọjọ́ ìbí rẹ̀. Físà òbí kò dí i lọ́wọ́.

Ní ti ìwé kíkà, ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ wa ti jìn sí kòtò. Ní ọdún kìíní mi, mo kàwé bí ẹni ń fi apẹ̀rẹ̀ pọnmi. Nígbà tó di oṣù kẹjọ, n kò ní ojú ewé mẹ́wàá tí mo lè fi han alábòójútó ìwádìí mi. Ohun tó gbà mí ni pé mo ní kó bá mi wá ìjábọ̀ méjì tí àwọn tó ṣáájú mi fi yege, ìgbà náà ni mo tó mọ̀ pé ohun tí wọ́n ń retí kò tó ìdajì ohun tí mo fi ń pa ara mi. Láti ọjọ́ yẹn, bí mo bá ka nǹkan kan, n kì í dìde láìkọ ìpínrọ̀ kan nípa rẹ̀, aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ sì ni mo ń pa ìwé dé, bí òṣìṣẹ́ ìjọba.

Olùkọ́ Abẹ́ Igi fèsì:

Bí òṣìṣẹ́ ìjọba kẹ̀? Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin tí iná kì í lọ lọ́dọ̀ yín lẹ lè sọ bẹ́ẹ̀. Ní tèmi, yunifásítì tí mo ti ń ṣe olùkọ́ ní Nàìjíríà náà ni mo ti ń kàwé gboyè; ọ̀sán jẹ́ ti kíláàsì, ìgbà tí iná bá dé ni mo ń ṣiṣẹ́ tèmi. Ọdún kìíní mi bọ́ sí 2022, nígbà tí àwa olùkọ́ yunifásítì daṣẹ́ sílẹ̀ láti oṣù Kejì títí di oṣù Kẹwàá, tí owó oṣù sì dúró. Mo kọ́kọ́ rò pé àyè ìwádìí ló ṣí sílẹ̀ yẹn, àṣé ẹni tí àròyé oúnjẹ ọmọ wà lọ́rùn rẹ̀ kò lè kọ ìpínrọ̀ kan kó dán mọ́rán. Mo ń sọ èyí kí Ìyá Tólú má baà rò pé àìmọ àkókò pín ló ń dà wọ́n láàmú. Owó ni.

Àbẹ̀kẹ́ fèsì:

Mo fara mọ́ ọ̀rọ̀ Olùkọ́, ṣùgbọ́n iṣẹ́ òru yẹn kò bá ìwádìí rìn rárá. Ẹ ní kí wọ́n fún yín ní ọ̀sán Sátidé, nígbà tí bàbá ọmọ lè dúró tì í. Yóò gba òde ṣíṣe lọ́wọ́ yín. Àwọn èèyàn yóò bínú, wọn yóò sì gbàgbé. Ẹ má sì fi ọmọ pamọ́ fún alábòójútó yín. Ọdún kan gbáko ni mo fi ṣe bí ẹni tí kò bímọ, títí di ọjọ́ tí ibà ọmọ mú mi pa ìpàdé kan jẹ, tí alábòójútó mi sì bi mí pé kí ló dé tí n kò ti sọ ọ́ láti ọjọ́ yìí.

Ìyá Tólú:

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Mo ti ka àdéhùn náà: wákàtí mẹ́wàá péré lọ́sẹ̀ ni wọ́n gbà kí n fi ṣiṣẹ́ owó, n kò sì mọ̀ títí di òní. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni ìpàdé èmi àti alábòójútó mi. N ó mú ọ̀rọ̀ ọmọ àti ti ìjábọ̀ méjì yẹn lọ síbẹ̀.